Ta Ló Sọ Fún Yín Pé Àṣà Ni Kí Ẹ Máa Pa Igún?

Ẹ̀yin ará Alákìá! Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Gbági, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Adégbayí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń retí kí iná dé, ẹ tẹ́tí sí mi. Èmi ni igún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tutọ́, ẹ má sì fi ọwọ́ yí orí ká pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ikú kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ ni mo ní, ó sì ti pẹ́ nínú mi débi pé bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, àfàìmọ̀ kó má di àìsàn sí mi lára.

Orí igi àràbà kan ni mo wà, lápá ibi tí ẹ ń gbà lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Níbi tí mo bà sí yìí, díẹ̀ ni ohun tí ẹ ń ṣe tí n kò rí. Mo ń rí ọ̀nà Ifẹ̀ tuntun àti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tò sí i bí ìjàlọ. Mo ń rí páànù tó ti dípẹtà àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Mo ń rí ilé adìyẹ àwọn tó ń sìn wọ́n lápá Ẹgbẹ́dá. Mo sì ń rí ẹ̀yìn ilé yín, níbi tí ẹ ń da nǹkan sí lóru kí aládùúgbò má baà mọ̀.

Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tòun, igbó àti oko ni gbogbo ibí. Igi ńláńlá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí igún fi ń yan èyí tó bá wù ú, bí ìgbà tí olówó bá ń yan ilé. Lónìí, igi kan ṣoṣo yìí ló kù tí mo lè kọ́ ìtẹ́ sí. Bàálù tó ń balẹ̀ níbí kì í jẹ́ kí ọmọ mi sùn, ṣùgbọ́n n kò bá a jà. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń wà á náà ń bẹ̀rù wa, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa, igún tí àwọn òyìnbó ń pè ní Rüppell, forí sọ bàálù lókè Abidjan, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 37,000 sókè. Bàálù náà gúnlẹ̀ láyọ̀. Ti ẹyẹ náà kò ṣeé sọ. Títí di òní, kò sí ẹyẹ mìíràn tí ẹ kọ sílẹ̀ pé ó fò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ń pè wá ní ẹyẹ ààtàn. Ó dáa náà.

Ẹ jẹ́ kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo wá bá yín rò. Ẹ ń pa wá, ẹ ń gé orí wa tà, bí wọ́n bá sì bi yín, ẹ ó ní àṣà ìbílẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba yín ṣe ń ṣe é. Irọ́ ni! Irọ́ gbuu ni! Èmi igún mọ àwọn baba yín dáadáa, nítorí pé ẹ̀yìn ilé wọn ni àwọn baba tèmi ti ń jẹun.

Àwọn baba yín ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ta ni kò gbọ́ ọ rí nínú yín? Ọmọdé tó bá sọ òkò lu igún nígbà náà, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fà á létí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ojú wa. Èmi náà mọ̀ pé a kò lẹ́wà. Orí wa pá, ọrùn wa hunjọ, bí ara wa bá sì gbóná, ojú wa á pọ́n bí ata rodo. Iṣẹ́ wa ni wọ́n wò. Bí wọ́n bá gbé ẹbọ sí oríta, àwa ni wọ́n ń retí. Bí igún bá bà, tó jẹ ẹ́, inú wọn á dùn pé ẹbọ ti fín, ẹbọ ti dà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí igún kò yọjú, ọkàn wọn kò ní balẹ̀, wọ́n á padà lọ bi babaláwo léèrè ohun tó kù. Bí ewúrẹ́ bá kú sínú igbó, àwa ni. Bí alápatà bá pa màlúù tó fi ìfun àti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwa náà ni. Kí ìjọba òyìnbó tó kó wolé-wolé dé, àwa ni wolé-wolé ìlú Ìbàdàn. A kì í gba owó oṣù, a kì í gba rìbá, a kì í sì í wọ ilé onílé ká máa bi í léèrè ohun tí tanwíjí ń ṣe nínú àmù rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi èèwọ̀ yí wa ká. Wọn kò ní ọlọ́pàá tí wọ́n lè fi ṣọ́ igún. Èèwọ̀ ni ọlọ́pàá wọn.

Lónìí ńkọ́? Ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn lékulẹ́ja. Ẹ ó bá orí wa níbẹ̀, gbígbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀bọ àti ọ̀gà. Ẹ ó bá ẹsẹ̀ wa, ẹ ó bá ìyẹ́ wa. Ní Lomé, ní ọjà Akodessawa, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò ń wá wo bí wọ́n ṣe tò wá sórí tábìlì. Àwọn tó sì ti yí irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara wa jù. Ẹ tún gba ipò kìíní. Ẹ kú oríire o.

Kí ni wọ́n ní àwọn ń fi wá ṣe? Àwúre. Ìṣọ́ra. Wọ́n ní ẹni tó bá lo ojú igún yóò rí ohun tó ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi dá sí i. Bí ojú igún bá ń rí ọ̀la, báwo ni igún ṣe ń kó sínú pańpẹ́ tí wọ́n dẹ lánàá? Wọ́n ní orí igún ń mú ọjà tà. Èmi tí mo ti ń gbé orí náà kiri láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ṣọ́ọ̀bù mélòó ni mo ní ní Gbági? Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn kan ń fa èéfín ọpọlọ wa símú kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà tí yóò jáde nínú tẹ́tẹ́. Bí igún bá mọ nọ́ńbà, ṣé orí ààtàn ni ẹ ó ti máa rí i?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lo ìbọn, wọn kì í sì í lo okùn. Májèlé ni. Wọ́n á ra òògùn apakòkòrò, wọ́n á dà á sára òkú ewúrẹ́ tàbí ìfun màlúù, wọ́n á gbé e sí gbangba, wọ́n á wá lọ jókòó sábẹ́ igi bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré dichlorvos nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò. Ẹ̀yin náà mọ̀ bóyá òtápíápíá ṣòro rí nínú ọjà. Igún tó bá jẹ irú ẹran yẹn á máa gbọ̀n, ọrùn rẹ̀ á rọ̀, ó parí. Orí igún yìí kan náà ni wọ́n á gé, tí wọ́n á gún mọ́ ọṣẹ, tàbí tí wọ́n á sè mọ́ àsèjẹ. Ìwọ oníbàárà á wá sanwó ńlá, wàá lá àsèjẹ náà tán, wàá pọ́n ìka lá. O rò pé igún lo jẹ. Òtápíápíá lo jẹ.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa bàbá ọmọ mi.

Ẹyin kan ṣoṣo ni irú wa ń yé lọ́dún. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹyin kan. Nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ la fi ń sàba lé e, takọ-tabo ló sì ń pín in ṣe. Bí ọ̀kan bá jókòó, èkejì á lọ wá oúnjẹ. Ọmọ wa ti jáde nínú ẹyin nígbà náà, ó ṣì wà nínú bùlùùlù. Bàbá rẹ̀ fò lọ ní òwúrọ̀, ó gba apá odò kan tí kò jìnnà síbí. Mo retí rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ebi ọmọ lé mi jáde, mo sì rí i láti òkè. Ó nà gbalaja sórí koríko. Mo mọ̀ ọ́n nípa ìyẹ́ rẹ̀ kan tó ti ṣẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nípa ìyẹ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí orí níbẹ̀ tí mo lè wò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbàdúrà pé kí ẹ dàgbà bí igún, tí ẹ ní igún kì í kú ní kékeré, ẹ wá wò ó!

Kì í ṣe tèmi nìkan. Ní 2015, àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó ń lọ sí òpin sílẹ̀, gbé ìran tiwa sí ìpele tó kẹ́yìn kí wọ́n tó ní kò sí mọ́ nínú igbó. Àwọn onímọ̀ kó ìròyìn ikú igún 7,819 jọ láti orílẹ̀-èdè 26 ní Áfíríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún, májèlé ló pa mọ́kànlélọ́gọ́ta, òwò òògùn ìbílẹ̀ ló sì gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ní Guinea-Bissau, ó lé ní 2,000 nínú ìran wa tí májèlé pa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n bá àwọn kan nínú wọn láìlórí.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò lóru. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan wa ń sá fún ènìyàn. Ibi tó jìnnà sí ilé ni wọ́n ń gbé. Ìran tiwa ló ní ká máa bá ènìyàn gbé, ká máa bà sórí òrùlé wọn, ká máa jẹ ohun tí wọ́n bá jù sílẹ̀. Nígbà tí mo wà léwe, mo máa ń fi èyí yangàn. Mo ní ẹ̀yin ni ọba, àwa sì ni ará ààfin. Bí wọ́n bá ní pápá ọkọ̀ òfurufú ń gba ilẹ̀, mo ní kò burú, ènìyàn á pọ̀ sí i, oúnjẹ náà á pọ̀ sí i. N kò mọ̀ pé ẹni tó mọ ibi tí o ti ń jẹun ló mọ ibi tí yóò dẹ pańpẹ́ sí. Ìsúnmọ́ tí mo fi ń yangàn yẹn gan-an ló sọ wá di ẹran ìmúrọ̀rùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi, lékeléke àti ajá kan pàdé létí ààtàn. Ajá pupa kan ni, tí ọmọdékùnrin kan nínú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ń sìn. Mo ń ráhùn ni ajá bá já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ìyá Igún, ẹ má bínú o. Bí ẹ bá kúrò níbí, oúnjẹ tèmi ló pọ̀ sí i. Kí ni mo fẹ́ sunkún fún?"

Lékeléke gbọn ìyẹ́ rẹ̀. "Èmi ò tiẹ̀ sí nínú rẹ̀. Funfun ni mo wà. Bí mo bá ń kọjá, ṣe ni àwọn ọmọdé ń na ọwọ́ sí mi pé kí n bun àwọn ní èékánná funfun."

Mo ní, "Lékeléke, àwa náà ní èèwọ̀ tó ń dáàbò bò wá rí. Ìwọ ajá, jókòó kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà fún ọ."

Ẹ̀yin ènìyàn náà, ẹ bá a gbọ́. Ní Íńdíà, láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fún màlúù ní òògùn ara ríro kan tó ń jẹ́ diclofenac. Igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín 1992 sí 2007, irú igún kan níbẹ̀ tó ti pọ̀ bí eṣú tẹ́lẹ̀ dín kù débi pé nínú ẹgbẹ̀rún kan, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù. Òkú màlúù wá ń jẹrà nílẹ̀. Ajá ló rọ́pò igún. Ajá bí, ó rẹ̀, ó kún ìgboro, dìgbòlugi sì ń bá a rìn. Ìjọba fòfin de òògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní 2006, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti bọ́ sórí. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì gbé ìṣirò jáde pé láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú lórí àìsí igún. Ìdajì mílíọ̀nù! Kì í ṣe pé igún bá wọn jà o. Ṣe ni igún kò wá síbi iṣẹ́.

Ajá bi mí pé, "Àwọn ajá ńkọ́, Ìyá Igún?"

"Ṣé o rò pé dìgbòlugi kì í pa ajá ni?"

Kò lè sọ nǹkan kan. Ó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀.

Ẹ má sì wí fún mi pé Íńdíà jìnnà. Ní oṣù keje 2023, wọ́n rí àrùn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Àrùn tó ń sápamọ́ sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ikùn tiwa, omi inú rẹ̀ kan bí ásíìdì bátìrì. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lè pa ẹ̀yin àti ajá yín, ó máa ń jóná níbẹ̀. Ní ọdọọdún ni mo ń rí òkú adìyẹ nínú àpò tí wọ́n ń jù sínú igbó láàárín Alákìá sí Ẹgbẹ́dá. Ta ni ẹ rò pé ó ń palẹ̀ wọn mọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ àbí?

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ó sọ. Onísègùn á ní ìwòsàn ni iṣẹ́ òun, pé òun kò lè pa ìwé baba òun tì. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi hàn mí níbi tí baba yín ti ní kí ẹ da apakòkòrò sí ẹran. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tó ti wà láti 1980, ti ń bá àwọn onísègùn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa lo ewé àti egbò dípò igún, àwọn kan sì ti gbà. Mo kí àwọn yẹn. Ewé máa ń hù padà. Orí mi kò lè hù padà.

Àwọn pásítọ̀ àti ààfáà tí wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn. Wọ́n ní kí ènìyàn fi ìbọ̀rìṣà sílẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n bá èèwọ̀ igún jù dànù pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò sì fi nǹkan kan rọ́pò. Ẹni tí kò bẹ̀rù èèwọ̀ mọ́, tí kò sì tíì bẹ̀rù òfin, kí ni yóò dá a dúró? Nàìjíríà ní òfin lórí òwò àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun láti 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2016. Èmi kò tíì rí ẹni tó gbé òfin náà dé ìsọ̀ lékulẹ́ja.

Ẹni tí mo bá wí jù ni ẹni tó ń rà. Ìwọ tí o wọ kóòtù, tí o gbé mọ́tò tuntun, tí o ń ka ìwé ìròyìn yìí, tí ẹnìkan ti sọ fún pé kí o mú orí igún wá kí iṣẹ́ rẹ lè gòkè. Ìwọ lo pa bàbá ọmọ mi. Ọmọkùnrin tó da májèlé sí ẹran náà, iṣẹ́ tìrẹ ló ń ṣe. Bí o kò bá rà á lọ́la, ewúrẹ́ tó fẹ́ fi dẹ wá yóò wu òun náà jẹ.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ lónìí gan-an nìyí. Ní àárọ̀ yìí, mo rí òkú ewúrẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Ebi ń pa mí, ebi ń pa ọmọ mi. Mo yí i po láti òkè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá rí i pé eṣinṣin tó bà lé e, ibẹ̀ ló kú sí. Kannakánná kan dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dojú délẹ̀. Mo fẹ́ padà sórí igi mi ni mo rí ajá pupa yẹn, ó ń bọ̀, ó ń fi imú fa òórùn lọ tààrà.

Àwa igún kò ní ohùn tó ròkè. Bí mo bá kígbe títí di alẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Mo bá já wálẹ̀ lù ú. Mo fi ìyẹ́ gbá a lójú, mo fi ẹnu sọ ọ́ nídìí, ó pariwo, ó sì sá padà sílé. Ọmọdékùnrin tó ni ín jáde. Ohun tó rí ni igún tó ń lé ajá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jáde tẹ̀ lé e, ó ní, "Ẹyẹ burúkú! Sọ òkò lù ú!" Ó sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká.

Òkò náà bà mí ní apá òsì. N kò bínú sí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, lápá ibi tí ẹ jó táyà sí níjọ́sí. Ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ jìn dáadáa, ẹ sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Kí ẹ sì so ajá náà mọ́lẹ̀ títí di ọ̀la, nítorí yóò fẹ́ padà lọ.